Ọ̀rẹ́ Tí Mo Ní Níbi Tí Mo Ti Ń Gba Oògùn

Olóòtú ètò wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ohùn yín kò ní há. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wádìí orúkọ mi.

Aránṣọ ni mí ní Ìlọ́bù. Láti oṣù kẹrin tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lọ́mú mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń lọ gba oògùn ní Ifẹ̀. Wọ́n á fa omi oògùn náà sí mi lára láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ti délé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èébì gbé mi, obìnrin tí wọ́n ń fa tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló bá mi di abọ́ mú. Ṣùkúrátù lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà la ti jọ ń lọ, tí a jọ ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan tó kọjá, ó rẹ̀ mí débi pé òun ló mú mi délé. Ọkọ mi dúpẹ́ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ibo ni yín?"

Ó ní, "Ọmọ Ìfọ́n ni mí, sà."

Oko bàbá ọkọ mi wà lórí ilẹ̀ tí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ní, "Èmi fúnra mi ni n ó máa sìn ọ́ lọ báyìí."

Kò sìn mí lọ rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá fún èmi àti Ṣùkúrátù, òun kò sì ní ẹni tó ń sìn ín. Mi ò fẹ́ dójú ti ọkọ mi, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin àti gbogbo olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí n ṣe kí i níwájú ọkọ mi?

Èmi ni,
Aránṣọ, Ìlọ́bù.
Oṣù kẹsàn-án, 1996.