Ọwọ́ Aago Méjì Nínú Mọ́tò Mi

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ìwọ ni kí o fi mọ́tò mi gbé ìyá rẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án yìí. Mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

O mọ aago tó ń ka eré mọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti rà á ni ọwọ́ aago náà ti máa ń há sí ogójì. Tó bá há, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan péré, yóò gbéra. Tí o bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, yóò sùn títí o fi máa délé.

Mo gbá a láàárọ̀ yìí, ọwọ́ aago sì di méjì. Ọ̀kan wà ní ogójì, èkejì wà ní ọgọ́ta. N kò mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́, ni mo bá tẹ bíréèkì láàárín títì. Díẹ̀ ló kù kí mọ́tò ẹ̀yìn kọlù wá. Mo bi télọ̀ àdúgbò wa, tó jókòó tì mí, pé èwo ló ń purọ́ nínú méjèèjì.

“Bàbá, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí o. Mọ́tò yín ti darúgbó kọjá ọmọ bíbí.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìyànà tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tú aago náà, mo nu gíláàsì rẹ̀. N kò rí ohun tó bàjẹ́. Ó rú mi lójú.

Wò ó dáadáa bí o ti ń lọ. Tí ìwọ náà bá rí méjì, pe mẹkáníìkì. Tó bá jẹ́ ọ̀kan lo rí, kọ́kọ́rọ́ di tìrẹ. Má gbé e fún mi mọ́, bí mo tilẹ̀ bínú.

Bàbá rẹ.