Ọ̀rọ̀ Rẹ̀mí Tí Mo Sọ Lẹ́yìn Rẹ̀

Bàbá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́,

Ọ́fíìsì ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí, ní Òmù-Àrán níbí. Ọ̀sán ni, ọ̀gá mi ti lọ jẹun. Ó yẹ kí n ti lọ jẹun èmi náà, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lọ wo ìta bí ẹni ń retí àlejò, bẹ́ẹ̀ mi ò retí ẹnikẹ́ni.

Ara ilé le. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò sórí ibùsùn yín. Ẹ̀gbọ́n mi wálé láti Èkó nígbà ọdún Àjíǹde, ó ní òun fẹ́ gé igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, mo ní kò gbọdọ̀ gé e. A bá ara wa fa ọ̀rọ̀ náà títí, igi ọsàn ṣì wà níbẹ̀. Lọ́nà Èsìẹ́, àwọn ènìyàn ṣì ń pè mí ní ọmọ Tíṣà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kọ́, tó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí, ní òun kò gbàgbé ọjọ́ tí ẹ kọ orúkọ ìpínlẹ̀ wa tuntun sójú pátákó, tí ìjọba tún yí orúkọ náà padà kó tó pẹ́, tí ẹ wá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, tí ẹ kọ Kwara gàdàgbà, tí ẹ sì ní kí wọ́n máa kà á títí ẹnu wọn yóò fi mọ́ ọn. Ó fara wé ohùn yín. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi yí padà.

Inú yín dùn nígbà tí mo rí iṣẹ́ ìjọba yìí, iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní wẹ́lífíà. Ẹ̀yin kì í pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ à-ń-bá-ènìyàn-jókòó lẹ máa ń pè é. Kí ni ẹ̀yin náà ń ṣe láti kékeré mi bí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó fi kọ́ orúnkún, ẹ kò sì ní dé e padà títí ẹni náà yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Èmi kò ní fìlà. Aago ọwọ́ mi ni mo máa ń bọ́ sínú báàgì, kí ẹni tí mo bá jókòó má baà rò pé mo ń kánjú.

Rẹ̀mí ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà ni òun náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èsìẹ́ ló ti ń kọ́ni. Ìyàwó Jósẹ́fù káfíńtà ni. Ọmọ méjì ló bí, kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́fà láyé nínú wọn. Ìgbà tí èkejì lọ ni kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Kò jẹun dáadáa, kò bá ará ilé sọ̀rọ̀, yóò kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, yóò máa wo ilẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ló kọ̀wé sí wa, wọ́n sì ní kí n máa lọ wò ó ní ọjọ́ Tusidé kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gúsí la jọ ń bó. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Bí mo bá kí i, Yorùbá ilé ìwé ló fi ń dá mi lóhùn, bí a ti ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbọ́ pé ọmọ Èsìẹ́ ni mí, ọmọ Tíṣà. Ó gbójú sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ilé wa bá mi sọ̀rọ̀, Ìgbómìnà bó ti yẹ kó rí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde. Ó ní bí àkókò tí ọmọ máa ń mu ọyàn bá tó, ọyàn òun ṣì máa ń sun. Ó ní ìyá ọkọ òun kó aṣọ ọmọ náà lọ, kò bi òun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbé igbá ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀, ó ní, “Àǹtí, mo lọ sí odò lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò mú garawa dání.”

Mo gbé igbá tèmi náà sílẹ̀, Bàbá.

“Mo dúró létí odò títí,” ó ní, “mo sì padà wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.”

Mo ní, “Mi ò ní sọ.”

Ẹ wo bí mo ti yára ṣèlérí. Bí ẹni fi ẹ̀pà lé ọmọdé lọ́wọ́ kó lè dákẹ́.

Mo jáde nílé wọn. Bí ó bá tún lọ sódò ńkọ́? Bí kò bá padà wálé ńkọ́? Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tí ènìyàn bá bá wa sọ, inú wa ló ń gbé, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹ̀mí wà nínú ewu. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni ìdí tí mi ò fi yí padà, kí n wọlé lọ bá a, kí n sọ fún un pé mi ò ní lè mú ìlérí yẹn ṣẹ. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ojú ń tì mí ni àbí ẹ̀rù ń bà mí? Mo gba ṣọ́ọ̀bù Jósẹ́fù létí títì lọ, mo bá a níbi tó ti ń fi ìfági dán pákó, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kó kàn máa ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé ìfági sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí.” Mo wọ mọ́tò, mo padà sí Òmù-Àrán.

Ẹ̀rù ba Jósẹ́fù, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀, ó pe àwọn ará ilé. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti gbé Rẹ̀mí lọ sí ilé àdúrà kan lọ́nà Òrò-Àgọ́, wọ́n sì so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbọ́. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, òun àti èmi sì jọ lọ. Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ti rí, kòtò lórí kòtò. A bá Rẹ̀mí lórí ẹní, ojú okùn ti pọ́n yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Bàbá àgbà tó ni ilé àdúrà náà kì í ṣe ìkà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ síwájú Rẹ̀mí. Ó ní, “Wọ́n ní ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Mi ò lẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?” Ọ̀gá mi bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì tú okùn náà.

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní. Rẹ̀mí wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà.” Yorùbá ilé ìwé. Mo mọ̀ pé ó ti tán.

Mo ní kó dárí jì mí, ẹ̀mí rẹ̀ ni mo rò. Ó mi orí.

“Kì í ṣe pé ẹ sọ ọ́ ló dùn mí,” ó ní. “Èmi náà mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnìkan gbọ́, ìdí tí mo fi sọ fún yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi lẹ ti sọ ọ́. Bí ẹ bá padà wọlé, tí ẹ ní, ‘Rẹ̀mí, mi ò lè dá gbé èyí, jẹ́ ká jọ pe Jósẹ́fù,’ èmi ni ǹ bá fi ẹnu ara mi sọ fún un. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó já lẹ sọ̀rọ̀ mi.”

Bàbá, kí lẹ̀yin ì bá fi dá a lóhùn?

A gbé e lọ rí dókítà ní Ìlọrin, wọ́n fún un ní oògùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Àjàṣẹ́-Ìpo sì wá dúró tì í. Ọ̀gá mi ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní sọ̀rọ̀ Rẹ̀mí níbi tí Rẹ̀mí kò bá sí. Nínú ọ́fíìsì pàápàá, bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò gbọ́wọ́ sókè, yóò ní kí n fi pamọ́ di ìgbà tí Rẹ̀mí bá jókòó tì wá.

Ní Tusidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa pàdé ní pálọ̀ Jósẹ́fù: Rẹ̀mí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jósẹ́fù àti ìyá rẹ̀, ọ̀gá mi àti èmi. Èmi ni ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ níwájú wọn pé mo ṣèlérí fún Rẹ̀mí, mo yẹ̀ ẹ́, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀. Ìyá Jósẹ́fù wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àwọn ìjọba náà máa ń ṣì í ṣe?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara tu àwọn mìíràn díẹ̀.

Màmá wá kọjú sí ọ̀gá mi, ó ní, “Ìyàwó wa yìí, orí rẹ̀ kò…”

Ọ̀gá mi ní, “Màmá, òun ló jókòó yìí. Òun ni kí ẹ sọ ọ́ fún.”

Ìyá àgbà náà yíjú sí Rẹ̀mí. Ó ní, “Rẹ̀mí, ẹ̀rù rẹ ń bà mí.”

Rẹ̀mí ní, “Màmá, aṣọ ọmọ mi dà?”

“Mo sun ún.”

“Kí ló dé?”

“Wọ́n sun tèmi náà. Mẹ́ta ni mo sin kí n tó bí Jósẹ́fù. Wọ́n ní bí mo bá sunkún, èyí tó ń bọ̀ kò ní dúró. Mi ò sunkún. Títí di òní, mi ò tíì sunkún.”

Jósẹ́fù la ẹnu, kò lè pa á dé. Kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ fa gèlè kúrò lórí, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Rẹ̀mí dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ jókòó tì í. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó tì í.

Rẹ̀mí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kí Jósẹ́fù máa wá lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Bí ìrònú odò bá tún dé, yóò sọ fún àwọn méjèèjì. Wọ́n gbà. Kí á tó dìde, ó tún kọjú sí ọ̀gá mi, èmi sì wà níbẹ̀, kò sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Ó ní, “Mi ò bá Àǹtí jà o. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lè ṣí fún wọn mọ́. Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn.”

Mo fi fáìlì rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Rẹ̀mí ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Mo rí i ní ìdíkọ̀ Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹ káàsán, mà.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ilé àdúrà yẹn ni mi ò ti lè jókòó jẹ́ẹ́, nítorí kì í ṣe Rẹ̀mí nìkan ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Nígbà àìsàn yín, ní ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, dókítà pe ẹ̀gbọ́n mi àti èmi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ó sọ ohun tó ń ṣe yín fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́, pé ìbẹ̀rù yóò tètè pa yín. Mo gbà. Èmi, ẹni tó ń fi bíbá ènìyàn jókòó jẹun! Mo wọlé, mò ń fún yín ní ògì mu, ẹ ní, “Kí ni dókítà wí?” Mo ní ó ní ọgbẹ́ inú ni, ẹ ó gbádùn. Ẹ wò mí pẹ́. Ẹ wá bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní Èsìẹ́.

Ẹ kò béèrè mọ́. Gbogbo ìyókù ọjọ́ yín láyé, ọ̀rọ̀ òjò la ń sọ, ọ̀rọ̀ iṣu, ọ̀rọ̀ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ gbọ́ wa láti ojú fèrèsé? Àbí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa, ẹ sì ń gba èmi lọ́wọ́ ìtìjú? Ta lẹ fẹ́ rí tí ẹ kò rí? Ǹjẹ́ ẹ̀rù bà yín? Gbogbo ìlú ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá bá yín. Nígbà tó kan ẹ̀yin, ta lẹ rí sọ tiyín fún?

Mò ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi níta, ó ti padà dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó wọlé. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ ọ́, Bàbá.

Jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀dọ̀ ló wà. Dókítà ní ó ti kọjá ohun tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò, ó ní kí á máa gbé yín lọ sílé, kí á má jẹ́ kí ara dùn yín jù. Ó ní kò ní ju oṣù mélòó kan lọ. Èmi lẹ bi, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, èmi ni mo sì parọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé mo ti sọ fún yín. Mi ò mọ ohun tí yóò wí.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, pẹ̀lú ìfẹ́, ohun kan ṣoṣo tí mi ò fi pamọ́ fún yín rí.