Ta Ló Ń Fọ Ìṣaasùn Mi?

Mo já ọmọ mi lẹ́nu ọmú kí àsìkò rẹ̀ tó tó, nítorí ọkọ ni mo sì ṣe ṣe é. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má wá orúkọ mi, mo ti bẹ olóòtú kí ó má tẹ̀ ẹ́ síta. Ọmọ Ẹdẹ ṣáà ni mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí kò sí tíṣà tí mo lè bẹ̀ kó bá mi kọ ọ́ tí kò ní ròyìn mi káàkiri kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, kí ẹ sì bá mi dá sí i, orí mi ti gbóná.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Òun ló kan àwọn bẹ́ǹṣì tí gbogbo wa ń jókòó lé ní sọ́ọ̀ṣì, orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni àwọn èèyàn jókòó sí lọ́jọ́ tó fi òrùka sí mi lọ́wọ́, tó búra níwájú Ọlọ́run àti èèyàn pé èmi nìkan ṣoṣo ni títí ikú. Bàbá rẹ̀ níyàwó mẹ́rin, bàbá tèmi ní méjì, àwọn ará ilé ń fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó ẹyọ kan, tó bá ṣàìsàn ńkọ́? Àwa ń bá tiwa lọ. A gbádùn ara wa, mi ò ní parọ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń dáná, á máa ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ fún mi, àwọn ìyàwó ilé á máa ṣẹ́jú sí ara wọn, èmi á sì máa yangàn. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbéyàwó nìyẹn.

Nígbà tó yá mo bímọ, ọkùnrin. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Obìnrin tó bá ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ títí ọmọ á fi já, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ọmú á bàjẹ́, ọmọ á sì máa rù. Nílé olórogún, wàhálà kò sí, ìyàwó yòókù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa méjì péré nínú yàrá kan, ta ló máa ṣọ́ wa? Ìyá mi ní kí n gbé ọmọ mi wá sọ́dọ̀ àwọn ní abúlé Alajue, ìyá ọkọ mi fọwọ́ sí i, ọkọ mi gbà, èmi náà gbà. Pásítọ̀ wa tó ń wàásù pé ìyàwó kan ni Ọlọ́run fẹ́ kò sọ ohun tí ìyàwó kan ọ̀hún máa ṣe tó bá bímọ tán, àwa náà ò sì bi í.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn sọ́ọ̀ṣì ni ọkọ mi ń fẹsẹ̀ rìn wá. Á jókòó lọ́ọ̀dẹ̀, ìyá mi á jókòó sáàárín wa gbagidi, ọkọ mi á gbọ́mọ jó, á jẹun, á lọ. Kíjìpá ni ìyá mi ń hun, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní Ẹdẹ lọ́jọọjọ́ ọjà, nítorí náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà èmi á se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ bí ọkọ mi ṣe fẹ́ ẹ, màá dì í sínú ìṣaasùn mi kékeré, ìyá mi á bá mi gbé e fún un. Tí wọ́n bá dé, ìṣaasùn mi á ti di fífọ̀. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé ẹnì kan kàn da omi sí i! Wọ́n fi yanrìn àti kànìnkànìn ha gbogbo dúdú ìdí rẹ̀ kúrò, ó ń dán. Ọkọ mi tí kì í ṣan ife tó fi mu omi nígbà tí mo wà nílé! Mo ní ìfẹ́ ló kọ́ ọ. Mo ní àárò mi ló ń sọ ọ́, tó ń fi fífọ ìkòkò pa á rẹ́. Mo gbé e lọ sódò, mo ń fi han àwọn obìnrin Alajue pé ẹ wá wo ohun tí ọkọ tèmi ń ṣe, ẹ lọ fi kọ́ àwọn ọkọ yín. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìṣaasùn, wọ́n ń bá aṣọ fífọ̀ wọn lọ. Ṣé àwọn náà ti mọ̀ ni? Ṣé gbogbo ayé ló mọ̀?

Nígbà tọ́mọ pé oṣù mẹ́rìndínlógún, ara mi ò gbà á mọ́. Mo fẹ́ ọkọ mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí obìnrin sọ bẹ́ẹ̀? Mo gún ewúro, mo fi omi rẹ̀ pa orí ọmú, ọmọ mi fẹnu kàn án, ó pariwo, ó tún padà wá, ó tún pariwo... ọjọ́ márùn-ún. Mo ń fún un ní ẹ̀kọ mímu, mo ń sunkún, mi ò sì dáwọ́ dúró. Mo parọ́ fún ìyá mi pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló kọ ọmú. Mo rò pé wọ́n á ní Ọlọ́run ṣeun ni. Háà, ojú wọn yí padà! Wọ́n ní kí n má tíì lọ, kí n dúró di ẹ̀yìn ìkórè iṣu. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọ ò tíì ranlẹ̀. Nígbà tó tún yá, tí ọkọ mi ò wá lọ́jọ́ Ìsinmi méjì léra, ìyá mi ní wọ́n ti mú un lọ kan nǹkan sí ilé rélùwéè tó wà lọ́nà jíjìn. Ìyá mi tí kì í ṣàwáwí, ó di àwáwí lórí àwáwí.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi lọ sóko, mo pọn ọmọ, mo gba Ẹdẹ lọ lọ́sàn-án gangan. Mo wọ agbolé wa, obìnrin kan kúnlẹ̀ nídìí ọlọ mi, ọlọ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó ń lọ ata. Oyún ti yọ nínú rẹ̀. Ó rí mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní ìyá òun, ó bá mi sọ ọmọ kalẹ̀, ó sì ki ọmọ mi ní oríkì tí ìyá mi nìkan máa ń kì í. Ìgbà náà ni mo wo aṣọ tó ró. Kíjìpá ìyá mi ni, etí rẹ̀ ní ìlà dúdú mẹ́ta, kò sẹ́lòmíì tó ń hun ún bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má bínú pé òun ò tíì tún yàrá mi ṣe, pé ẹ̀yìn ìkórè iṣu ni Màmá sọ pé màá dé. Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi ní Sekona ni. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ṣé bí òun ṣe ń fọ ìṣaasùn náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbé ọmọ mi, mo jáde.

Nígbà tí mo délé tí mo bi ìyá mi, ojú ò tì wọ́n rárá! Wọ́n ní àwọn ló wá a, àwọn ló mú un lọ fún ọkọ mi, torí ọkùnrin tó bá fi ọdún mẹ́ta dá sùn á lọ kó obìnrin tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ wálé, àwọn sì wá ẹni tó máa bọ̀wọ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn náà ló fẹ́ ìyàwó fún bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mú, ẹ̀yìn ìyàwó yẹn ni mo gbé dàgbà. Òótọ́ ni, mo fẹ́ràn ìyá yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò fi òrùka sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́! Ìyá tó bí mi ń gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gbé e lọ fún orogún mi jẹ, wọ́n tún ń gbé ìṣaasùn dé, wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń yin ọkọ mi, wọn ò sọ nǹkan kan!

Ọkọ mi wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sunkún. Ó ní òun kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun ò rí i kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní òun ò lè sọ fún pásítọ̀, wọ́n á lé òun nídìí Oúnjẹ Olúwa. Kí ló dé tí kò sọ fún èmi? Ó ní ẹ̀rù mi ló ń ba òun. Ẹ̀rù mi! Ó ní kí n máa bọ̀ nílé báyìí, torí ọmọbìnrin yẹn máa bímọ láìpẹ́, yóò sì lọ tọ́mọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Sekona. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó fẹ́ kí n wá di àyè ìyẹn.

Wọ́n ní kóòtù tuntun tí ìjọba gbé dé yìí ń jẹ́ kí obìnrin kọ ọkọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá débẹ̀, wọ́n á bi mí ohun tí mo lọ ṣe nílé ọkọ nígbà tọ́mọ mi ò tíì pé ọdún méjì. Kí ni màá sọ? Ọmọ náà ti rù. Ó ṣì ń fọwọ́ wá àyà mi, ọmú sì ti gbẹ. Mi ò rò pé bàbá rẹ̀ á jẹ́ kí n mú un lọ.

Lánàá, ìyá mi gbé ìṣaasùn mi dé láti ọjà, ọbẹ̀ kún inú rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló sè é fún mi, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Mo ní mi ò ní fẹnu kàn án. Mo jẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo jẹ, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì dùn ju tèmi lọ. Ìṣaasùn ọ̀hún nìyí níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ìyá mi ní kí n fọ̀ ọ́ kí àwọn lè gbé e padà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Tí mo bá fọ̀ ọ́, ọmọbìnrin yẹn á mọ̀ pé mo ti gbà, ọkọ mi náà á mọ̀. Tí mi ò bá fọ̀ ọ́, mi ò nílé ọkọ mọ́ nìyẹn, bóyá mi ò sì lọ́mọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ tètè kọ̀wé... ṣé kí n fọ̀ ọ́?