Igbó Tí Dókítà Òyìnbó Fi Ń Wo Ẹsẹ̀

Ilé Ládàánì,
Ejìnrìn, lọ́nà Ẹ̀pẹ́.

Waliyah, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ìwọ àti ọkọ rẹ gbé ní Ìtamàga. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ Lateefat ti lọ? Ọlọ́run á bá mi dá wọn sí, ojú wa ò ní rí ibi lórí yín. Tó o bá ń bèèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sà ti kún dé ìdí àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé Fábíyìí, ewúrẹ́ mi tó lóyún náà sì ti bí, àmọ́ òbúkọ ló bí.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà wà lórí àga níbí, mo ti yí ojú ẹ̀ sí ògiri. Mi ò fẹ́ kó mọ ohun tí mò ń kọ, torí òun ló dá gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí sílẹ̀. Ìbídùnní tó ń kó ẹja yíyan wá sí Ìkòròdú ló máa fún ọ, jọ̀ọ́ bu omi tútù fún un.

O mọ bí ẹsẹ̀ bàbá yín ṣe ń ṣe. Kò wú, kò sí egbò níbẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán tí wọ́n dùbúlẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú egungun àwọn, àfi kí àwọn mì í tàbí kí àwọn dìde máa rìn kiri. Ìgbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ ni oorun ń gbé wọn lọ, ìgbà náà gan-an ló sì yẹ kí wọ́n lọ pe ìrun. Àsùbáà ti kọjá mọ́ wọn lórí, àwọn èèyàn sì ti ń kùn pé kí mọ́ṣáláṣí wá ládàánì mìíràn. Ìyẹn ń dun bàbá yín ju ẹsẹ̀ lọ.

Ìgbà tí fóìsì rẹ wọlé lórí Wásáàpù, inú mi dùn. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní kó o dúró kí n sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, o ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo rò pé o ń bínú sí mi ni, àfi ìgbà tí Bùnmi, ọmọ tó ń tajà ní kẹ́míìsì, sọ fún mi pé ohùn lásán ni, pé o ti sọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ ni pé àìsàn náà lórúkọ, Rẹ́sìlẹ́ẹ̀sì ni òyìnbó ń pè é, àti pé àwọn dókítà kan lókè òkun ń fi igbó tọ́jú ẹ̀, wọ́n á fún òróró ẹ̀ sínú ìgò, aláìsàn á kán an sábẹ́ ahọ́n. Ibẹ̀ ni fóònù kú sí.

Àánú àwọn òyìnbó ṣe mí. Mo ní wọn ò ní igbó nílùú wọn mọ́ ni, wọ́n ti fi gbogbo ẹ̀ kọ́lé tán, ló fi di ohun tí wọ́n ń kán látinú ìgò. Àwa ńkọ́? Igbó wà lẹ́yìn ilé wa títí dé ọ̀nà oko, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo sọ fún bàbá yín pé Waliyah ní igbó ni oògùn ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe máa lò ó? Mo ní kí wọ́n máa wọ inú ẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n rìn dáadáa, kí wọ́n sì la ẹnu díẹ̀ kí atẹ́gùn ẹ̀ lè dé abẹ́ ahọ́n.

Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ o. Tí wọ́n bá ti rìn títí tó rẹ̀ wọ́n, ẹsẹ̀ náà á fún wọn láyè. Ni èmi náà ò bá lè pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ ọjà, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bèèrè bàbá yín pé ara ti ń yá, pé igbó ni wọ́n ń lò báyìí ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ lo júwe ẹ̀ fún wọn, tí wọ́n bá sì ti lò ó tán ara wọn á balẹ̀, wọ́n á jẹun dáadáa. Mo rí i pé ìyàwó Fábíyìí ranjú mọ́ mi. Mo rò pé ó ń jowú ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alfa Ìbráhìm àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wọlé wá. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ omi tí mo gbé fún wọn. Alfa ní àwọn gbọ́ pé ládàánì ń lo igbó, ṣé òótọ́ ni? Bàbá yín ní òótọ́ ni. Alfa ní níbo ni wọ́n ti ń rí i? Bàbá yín ní ẹ̀yìn ilé ni. Alfa ní ta ló gbìn ín? Bàbá yín ní kò sẹ́ni tó gbìn ín, àtayébáyé ló ti wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tí bàbá yín wá ní kí Alfa jẹ́ kí àwọn jọ lọ lò ó lọ́jọ́ kan, pé ó máa ṣe orúnkún Alfa lóore, Alfa dìde fùú.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, a ránṣẹ́ pe Bùnmi. Ó tan fóìsì rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó wá ṣàlàyé pé igbó tí wọ́n ń wé sínú bébà tí wọ́n ń fà lo ní lọ́kàn, àti pé nínú ìyókù tí mi ò gbọ́, o ní àwọn dókítà náà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, kí a má wá a rárá torí òfin ilẹ̀ wa, ọsibítù Ẹ̀pẹ́ ni kí a lọ. Alfa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ojú tì mí, mo sá wọ yàrá. Bàbá yín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi Bùnmi léraléra pé ṣé lóòótọ́ ni ẹni tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó sùn lè fa igbó kó sì rí oorun sùn. Bùnmi ní ohun tí àwọn kan ń sọ nìyẹn.

Ọmọ mi, ilé ọkọ lo wà lọ́jọ́ tí bàbá yín lé Sàlàkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ jáde, o ò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tí wọ́n rí igbó nínú àpò ṣòkòtò ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun kì í fi ṣe jàǹdùkú, pé ẹsẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí òun sùn, tí òun bá fà á díẹ̀ ó máa ń dákẹ́. Bàbá yín ní irọ́ burúkú ni, ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹsẹ̀ ń dí èèyàn lọ́wọ́ oorun? Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́ láéláé. Ó kó aṣọ ẹ̀ sínú àpò gaàrí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Láti ìgbà náà, a kì í dárúkọ ẹ̀ nílé yìí.

A lọ sí Ẹ̀pẹ́ bó o ṣe wí. Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré kan, fa ẹ̀jẹ̀ lápá bàbá yín. Mo ní ẹsẹ̀ la gbé wá o, kí ló kan apá? Ó ní irin ni òun ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Irin, Waliyah! Mo ní bàbá yín ò ṣe alágbẹ̀dẹ rí. Àṣé irin ọ̀hún kéré lára wọn lóòótọ́. Ó fún wọn ní oògùn tó máa dá a padà, ó ní ó máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ o. Ó ní kí a jìnnà sí igbó. Ó wá bèèrè bóyá ẹlòmíràn wà nínú ẹbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń wà nínú ìdílé nígbà mìíràn.

Mo ń wo ilẹ̀. Bàbá yín ní ó wà, pé ọmọkùnrin àwọn ni. Dókítà ní kí wọ́n mú un wá kí òun yẹ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà wò. Ni bàbá yín bá bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ wọn, mi ò rí ẹkún wọn rí, níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ ni wọ́n sì ti sun ún. Waliyah, ó dùn mí dé egungun.

Iṣẹ́ tí bàbá yín rán ọ nìyí. Wọ́n gbọ́ pé Sàlàkọ́ ń bá wọn já ẹrù ní gáréèjì Ìkòròdú. Wá a lọ. Wọ́n ní kó o má sọ fún un pé àwọn ti dárí jì í, pé ọ̀rọ̀ ìyẹn kọ́. Wọ́n ní kó o sọ fún un pé àwọn ti mọ̀ pé kò purọ́.

Owó oògùn tó o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, má gbé e sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Ẹ̀pẹ́ gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́. Fi sanwó ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ wá sílé, kó o fi ra aṣọ tó dáa sí i lọ́rùn. Tó bá ṣẹ́kù, rántí ìyá rẹ, torí kò sí ọṣẹ nílé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ, ọmọ rẹ ò ní ṣìnà mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ayọ̀ la ó fi pàdé. Sọ fún Sàlàkọ́ pé ìgbàkigbà tó bá dé, bó ṣe òru, kó má dúró síta, kó má rò pé òun máa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kó kanlẹ̀kùn. Bàbá ẹ̀ ò ní tíì sùn.

Èmi ni ìyá yín,
Ṣẹ̀rífátù.