Wáyà tí Lyle Fi Pamọ́ Sílé Ìdáná Mi

Lyle, ọkọ mi, Ardis rẹ ni o. Ọdún mẹ́ta pé lónìí tí o ti papò dà. Ọdún mẹ́ta! Mo ṣì máa ń po kọ́fí ife méjì láràárọ̀. Èmi náà ni mo ń mu méjèèjì, tí n óò sì máa bú ọ.

Ayọ̀ ni mo mú wá. Joanie ọmọ wa ti bí ìbejì! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tí o fi ọdún mẹ́fà kàn dé ìdajì, Curt ọkọ rẹ̀ ti kàn án tán. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì tìrẹ ló wọ́ jù.

Mo já tẹlifíṣàn olówó oṣooṣù yẹn dànù. Àfi bí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ṣe ku ọ̀la, ni mo bá rántí bọ́ọ̀lù tí àwọn tiwa máa ń gbá lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún. Áà! Bọ́ọ̀lù tí o kò ṣàìwò rí! Bí ọjọ́ náà bá kọjá nílé yìí láìsí i, ṣé kì í ṣe pé a ti gbàgbé rẹ nìyẹn? Mo sáré pe Joanie.

Joanie ra áńtẹ́nà, ó gun òkè àjà, ó kọjú ẹ̀ sí ìlú Flint, níbi tí òpó tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ wà.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní lu ihò kankan. Wáyà tí Dádì tẹ́ sílé yìí, ó tó gbogbo ìlú Saginaw í lò."

Ó so ó mọ́ wáyà yàrá wa lókè. Lẹ́yìn náà ó lọ sí abẹ́ ilé níbi tí gbogbo wáyà ti pàdé, ó yọ ti ilé iṣẹ́ olówó oṣooṣù yẹn, ó fi ti áńtẹ́nà wa sí i. Àwòrán yọ ní pálọ̀, ó mọ́ kedere!

O rántí ìjà wa? Mo ní tẹlifíṣàn ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mi, o sì búra pé o ò ní fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ lo máa ń sáré wá ròyìn bọ́ọ̀lù fún mi nídìí ààrò, tìwọ ti páì lẹ́nu. Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó ń sáré wá mọ́.

Ni Joanie bá pariwo láti ìsàlẹ̀: "Màmá! Wáyà kan rèé tí kò so mọ́ nǹkan kan! Dádì kọ nǹkan sí i lára!"

Mo sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni, lórí téèpù tó ti pọ́n: "Ilé ìdáná. Ó di ọjọ́ tí Ardis bá gbà."

Òpùrọ́! Alágídí! Ẹ̀yìn fíríìjì ni ẹnu wáyà náà wà, o sì kùn ún ní àwọ̀ ògiri. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Lánàá, mo ń ro ọbẹ̀ tòlótòló lọ́wọ́ kan, mo ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún na àwọn tiwa o! Ojú mi báyìí ni mo fi rí i.

Mo ṣì fẹ́ràn rẹ, Lyle. Àárò rẹ ṣì ń sọ mí. Tẹlifíṣàn ti wọ ilé ìdáná. Mo ti gbà.