Tàkúté Tó Kù Lẹ́yìn Odò

Olúbùnmi ọmọ mi,

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni Ọlábánjí àbúrò mi kú. Ikọ́ ló pa á. A ti sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Lẹ́yìn èyí ni mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú èyí nítòsí. Má sunkún jù. Èmi kò sun ún. Látìgbà tí mo ti sin ìyá rẹ ni omi ojú mi ti gbẹ. Tíṣà Adéoyè ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìtùnú díẹ̀ sí i. N kò ní ọ̀kankan.

Mo pè ọ́ kí a tó sin ín. Fóònù Ọlábánjí ni mo lò, nítorí kò wúlò fún un mọ́. Obìnrin kan ló dáhùn, òyìnbó ló ń sọ. Mo kí i dáadáa, mo bi í bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ ni, òyìnbó kan náà ló tún ń sọ. Mo sọ ọjọ́ ìsìnkú fún un. Bí o kò ṣe wá yìí, mo mọ̀ pé kò jíṣẹ́ fún ọ. Lé e lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni àwọn pańpẹ́ Ọlábánjí. O mọ̀ pé ibi tó bá dẹ nǹkan sí, ó máa ń so imọ̀ ọ̀pẹ ní kókó mọ́ igi níbẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè yà. Bí ẹni tó ń dẹ pańpẹ́ bá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ á kọ́kọ́ ká pańpẹ́ kúrò nínú igbó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú kókó. A rán Ṣínà ọmọ rẹ̀, èyí tó ń gẹrun l'Óṣogbo. Ó lọ láàárọ̀, ó dé lọ́sàn-án, ó ru ìdì imọ̀ ọ̀pẹ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti tú gbogbo pańpẹ́ bàbá òun tán, kò ku ẹyọ kan. Kókó ọ̀pẹ ló rò pé ó ń mú ẹran! Mo bi í pé ìgbà wo ló rí ọ̀yà tó kú sínú imọ̀ ọ̀pẹ. Ó ní òun rò pé ọgbọ́n àwọn àgbà ni.

Èmi àti Tíṣà bá wọ igbó. Àmì kò sí mọ́, ẹsẹ̀ wa la fi ń wá ohun tó lè gé ẹsẹ̀. A rí àwọn ẹ̀bìtì létí oko ẹ̀gẹ́. Òkúta ọ̀kan ti wó lu òkété mọ́lẹ̀. Ìyẹn kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀bìtì láàánú. Okùn wáyà tó dẹ sọ́nà ẹtu ni kò láàánú. Ẹtu kan wà níbẹ̀, ó ti fi pátákò wa ilẹ̀ yíká ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó wá mú un, òùngbẹ ló pa á. Mo jókòó tì í títí Tíṣà fi ní kí n dìde. Igèrè tó wà lódò, ẹja ti jẹrà sínú rẹ̀. Gbogbo wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, Olúbùnmi. Kò sí èyí tó mọ̀ pé Ọlábánjí ti kú.

Tàkúté onírin ńlá, eléyín yẹn, ni a kò ká. Ọlábánjí sọ kí ó tó kú pé ẹ̀yìn odò lòun dẹ ẹ́ sí, lábẹ́ àràbà, fún túùkú tó ń jẹ iṣu. Túùkú kò mọ ààlà, Ọlábánjí náà kò kà á sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìjà ilẹ̀ àwa àti Ìfọ́n yìí, àwa ará Ìlọ́bù kì í kọjá odò náà, ará Ìfọ́n kì í sì í kọjá sọ́dọ̀ wa. Ṣínà dé ibẹ̀ tú kókó nítorí kò mọ ibi tí ààlà wà. Nísinsìnyí tó ti mọ̀, ó ti padà s'Óṣogbo.

Oko Màmá Rhoda, ìyá ọkọ rẹ, ló wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí a dúró létí odò, mo rí Màmá Rhoda lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ṣẹ́gi. Mo pariwo pé kí wọ́n dúró. Wọ́n rò pé ìjà la bá wá, wọ́n sá. Ìdí àràbà náà ni wọ́n gbà. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ewé gbígbẹ títí tí kò fi dún mọ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe délé ni mo pè wọ́n lórí fóònù. Obìnrin yẹn náà ló tún dáhùn! Ṣé ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ lẹ jọ gbà á síṣẹ́ ni? Mo ní kó kìlọ̀ fún Màmá kí wọ́n má dé ìdí àràbà. Tíṣà ní ẹ̀rọ ni, pé ohun tó ń sọ ni pé kí n má bínú. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń bẹ ènìyàn? Lójoojúmọ́ ni mo ń pè é, ó ń bẹ̀ mí, kò sì sọ bóyá òun ti jíṣẹ́.

Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí n fi ra bàtà rọ́bà gígùn, tèmi ti lu. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, o kò ní máa sin ènìyàn bí èmi ṣe ń sin ín yìí.

Ìwọ ni àkọ́bí mi, aya Ìfọ́n sì ni ọ́. Nínú gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan lo lè gba ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún dé ìdí igi náà tí wọn kò ní bi ọ́ pé kí lo wá ṣe. Fi igi gígùn gún un láàárín kí ẹnu rẹ̀ pa dé, kí o tó sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tàkúté náà di tìrẹ. Wá fúnra rẹ. Má rán obìnrin yẹn.

Èmi bàbá rẹ, ní Ìlọ́bù.