Fọ́tò Aṣọ Funfun

Agbowó, Ìbàdàn,
Oṣù Kẹta, 1994.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Inú mi dùn pé fọ́tò mi tí mo ti wọ aṣọ funfun tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màmá, kí ló dé tí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀? Ẹ ní Bàbá Bọ́láwárìn aládùúgbò wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí n lọ pàdé wọn ní gáréèjì Ojòó, kí Dókítà ọmọ yín lè bá wọn wo ẹsẹ̀ wọn tó wú. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má wá. Ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí yín ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n má sì fi falẹ̀. Ọwọ́ mi ló dí.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Láàárọ̀, mo máa ń yẹ èékánná àwọn ọmọ iléèwé wò, mo sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ eyín. Lẹ́yìn náà la ó bọ́ sí pápá, wọn a máa fò, wọn a máa sáré. Ṣebí ìlera náà ni gbogbo rẹ̀? Ìlera ni mo sọ fún yín pé mo kọ́ ní yunifásítì.

Kí Túnráyọ̀ tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín rẹ ohùn sílẹ̀ níbí. Okùn ọrùn mi nínú fọ́tò yẹn, ẹ má pè é ní irinṣẹ́ dókítà fún àlejò mọ́. Mo ti ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ àpò kí wọ́n tó yà mí.

Ẹ bá mi kí Bàbá Bọ́láwárìn. Ẹ ní ọmọ yín tó ń fọn fèrè ọrùn rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Agbowó ló ní kí ẹ kí wọn.

Èmi ni,
Olúrótìmí.